Ọjọ́ Tí Wọ́n Fi Ẹnu Ẹlòmíràn So Yìgì Mi

Mo rántí ìgbà tí àyà ọ̀rẹ́ mi ń dún ju ohùn èmi fúnra mi lọ. Bó bá ti lu àyà náà lẹ́ẹ̀mejì, tó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá itan, tó wá fẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ bí ẹni mu omi sẹ́nu, tó sì fi ìka ta á pọ́ọ̀, ahọ́n mi á tú bí ẹran tí wọ́n já okùn rẹ̀. Akólòlò ni mí. Mo kọ́kọ́ sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni tó tún wí pé irọ́ ni, torí pé gbogbo ẹjọ́ tí mo fẹ́ rò yìí, orí pé àwọn ènìyàn ní irọ́ ni ló dúró lé.

Kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ ló ń há mi. Èyí tó bá ní “b” tàbí “gb” nínú ni ọ̀tá mi. Bí mo bá fẹ́ sọ pé “bàbá”, ètè mi á pàdé, wọ́n á sì kọ̀ láti yà. Kò ní sí ariwo kankan. Ẹni tí kò mọ̀ mí á rò pé mo ń ronú ni, tàbí pé ìgbéraga ń ṣe mí. Àwọn tó mọ̀ mí á wá máa fi òwe tọrẹ fún mi: bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba. Ẹni tó ń sọ ọ́ kì í dúró kí n pè é tán. Ibì kan ṣoṣo tí n kò ti kólòlò rí ní kékeré ni ilé kéwú tó wà lẹ́yìn mọ́sálásí àdúgbò wa, níbi tí gbogbo wa ti ń jọ ka wàláà bí ẹni ń kọrin, tí a ń mi ara síwá sẹ́yìn. Ààfáà tó ń kọ́ wa, kí Ọlọ́run kẹ́ wọn, a máa fi ọ̀pá tọ́ mi lórí wọ̀ọ̀, wọ́n á ní, “Ọ̀fun tìrẹ ò dí o jàre. Ẹsẹ̀ tó máa fi rìn ló ń wá.”

Bàbá mi kú kí n tó jáde ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àbúrò wọn ni wọ́n tọ́ mi dàgbà, àgbẹ̀ tó ń gbin iṣu àti ẹ̀gẹ́ ní ọ̀nà Ara, tí wọn kò ní ọmọkùnrin ti ara wọn. Àwọn ni wọ́n rán mi dé yunifásítì tí mo fi gboyè nínú ìmọ̀ ìṣirò. Nígbà tí àwọn ará ilé ń bi wọ́n pé kí ni akólòlò fẹ́ fi ìwé ṣe, wọ́n dáhùn pé, “Nọ́ńbà kì í béèrè ẹnu lọ́wọ́ ènìyàn.” Olóòótọ́ ni wọ́n. Títí di òní, pátákó ni mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ, ẹfun ló ń sọ ọ̀rọ̀ tí ẹnu mi ò lè sọ.

Ẹnìkejì mi nínú eré tí mo fẹ́ sọ yìí, ilé kéwú kan náà la jọ lọ. Aláwàdà ni láti inú ìyá rẹ̀ wá. Kò sí nǹkan tí kì í lù: àga, ìdí ìkòkò, èjìká ẹni tó bá jókòó tì í. Lẹ́yìn tí a sin ìlú gẹ́gẹ́ bí àgùnbánirọ̀ tán, tí kò tíì sí iṣẹ́ fún ẹnikẹ́ni nínú wa, a jókòó níbi ìsọmọlórúkọ kan ní agbo ilé wọn. Òùngbẹ ń gbẹ mí. Mo fẹ́ sọ fún ọmọdébìnrin kan pé kó bá mi bu omi wá, “b” àkọ́kọ́ sì há. Ọ̀rẹ́ mi ń lu àyà rẹ̀ jẹ́jẹ́ lọ́wọ́, kò mọ̀ pé òun ń ṣe nǹkan kan. Ni “b” bá bọ́ sójú ìlù náà: “Bá mi bu omi wá, bá mi bu omi tútù, bá mi bu ti inú àmù, má bu ti inú ọ̀rá.” Ó jáde gbọọrọ báyìí. Gbogbo àwọn tó jókòó yí wa ká bú sẹ́rìn-ín, ẹnìkan tẹ ìrẹsì rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ̀rín yẹn ò dùn mí, ó dùn mọ́ mi ni. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, n kò tíì rí i kí ènìyàn dojú kọ ẹnu mi tayọ̀tayọ̀ bẹ́ẹ̀.

Bí eré wa ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. A kò ní ohun èlò kankan ju ara wa lọ. Òun a máa lu àyà, itan àti ẹ̀rẹ̀kẹ́, èmi a máa lu itan tèmi tẹ̀lé e kí ọ̀rọ̀ má baà há, n ó sì máa sọ ìtàn. Èyí tí àwọn ènìyàn fẹ́ràn jù ni ti akólòlò tó gun ọ̀kadà láti Ẹdẹ lọ sí ilé àna rẹ̀ ní Sẹ̀kọ́nà. Ó fẹ́ kí ọlọ́kadà dúró ní oríta, ó wá ń wí pé, “Dú-dú-dú-dú-dú.” Ọlọ́kadà rò pé ẹ́ńjìnnì alùpùpù òun ló ń sín jẹ, inú rẹ̀ dùn, ó tún fún un níná. Wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Ifẹ̀ kí ọkùnrin náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í lu ẹ̀yìn ọlọ́kadà bí ìlù, kí ọ̀rọ̀ tó wá ya bí òjò:

“Ọlọ́kadà, rọra, dá mi dúró,
oríta tí mo sọ ti kọjá,
ilé àna mi ti kọjá,
ọbẹ̀ tí wọ́n sè dè mí ti tutù,
ìyàwó tí mo ń wá lọ ti bímọ fún ẹlòmíràn!”

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ kan tí àwọn tó ń rẹ́rìn-ín ò mọ̀. Ìkólòlò tèmi kò ní “dú-dú-dú” nínú. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ kì í sì í pani lẹ́rìn-ín. Ọ̀rẹ́ mi ló ní ká fi ariwo sí i. Mo gbà. Ìyẹn ni pé èmi tí mo kólòlò lóòótọ́, mo wá ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń kólòlò. Mo máa ń dúró níwájú dígí ìyàrá mi lọ́sàn-án gangan, mo ń fi ariwo kọ́ ẹnu tí Ọlọ́run fi ìdákẹ́jẹ́ẹ́ dá, mo sì rò pé ọgbọ́n ni mò ń gbọ́n.

Láàárín ọdún kan, kò sí ibi tí wọn ò pè wá dé: ìsọmọlórúkọ, ìṣílé, ayẹyẹ fíríìdọ̀mù àwọn ọmọ tó kọ́ iṣẹ́ ìránṣọ tán, láti Ẹdẹ títí dé Awo. Awo yẹn gan-an ni ẹ̀ṣẹ̀ àkọ́kọ́ ti ṣẹlẹ̀. A ń ṣe eré níbi ìṣílé kan, ni ìyá àgbà kan bá dìde níjókòó, wọ́n na ìka sí wa. Wọ́n ní, “Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, ẹ rọra ṣe o. Ẹni tó bá ń fi akólòlò ṣe yẹ̀yẹ́, àtọmọdọ́mọ rẹ̀ ló ń fi ránṣẹ́ pè.” Onílé ti ń wò wá bí ẹni tó fẹ́ ní ká máa lọ. Ọ̀rẹ́ mi rẹ́rìn-ín, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ìyá náà.

“Ìyá wa, ẹ fọkàn balẹ̀! Ta ló kólòlò? Ẹnu ọmọ yìí mú ju abẹ lọ. Eré ni, iṣẹ́ ni. Àbí irọ́ ni mo pa, ọ̀rẹ́ mi?”

Ó yíjú sí mi. Gbogbo àwùjọ yíjú sí mi. Bí mo bá fẹ́ sọ pé irọ́ ló pa, ọ̀rọ̀ tí mo máa fi sọ ọ́ á há mi lẹ́nu, wọ́n á sì tún rò pé eré ni. Mo mi orí pé kò parọ́. Ìyá náà wò mí, wọ́n ní, “Ó dáa bẹ́ẹ̀,” wọ́n sì jókòó. Ọ̀rẹ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í lu àyà padà. Ohun tí ojú ń tì mí láti sọ ni pé orí tí mo mì yẹn dùn mọ́ mi. Fún ìrọ̀lẹ́ kan ní Awo, mo di ọkùnrin tí kò kólòlò, tó kàn ń fi ìkólòlò dá àwọn ènìyàn lára yá. Ta ni kò ní fẹ́ irú ipò bẹ́ẹ̀?

Láti ọjọ́ náà, ọ̀rẹ́ mi sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ìbẹ̀rẹ̀ eré. Kó tó lu ohunkóhun, á kéde pé, “Ẹ̀yin èèyàn wa, kò kólòlò o! Ẹ má ba inú jẹ́, ẹ rẹ́rìn-ín yín láìbẹ̀rù Ọlọ́run!” Wọ́n á pàtẹ́wọ́, wọ́n á sì rẹ́rìn-ín láìbẹ̀rù Ọlọ́run lóòótọ́. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ìgboro Ẹdẹ ni èyí tiwa fọ́ sí. Bí mo bá lọ ra búrẹ́dì, tí “b” há, onísọ́ọ̀bù á gbá tábìlì, á ní, “Ṣé ẹ̀ ń gbọ́, ẹ fi eré sílẹ̀ jàre, àwọn èèyàn wà lẹ́yìn yín. Ṣé búrẹ́dì ni àbí mílíìkì?” Ọkùnrin kan tiẹ̀ dá mi dúró lọ́nà mọ́sálásí, ó ní òun tí òun ní àbúrò tó kólòlò, òun ò tíì rí ẹni tó ń sín wọn jẹ dáadáa bíi tèmi. Ó bọ̀ mí lọ́wọ́. Mo fún un lọ́wọ́. Mo ti di àfarawé ara mi, n kò sì rí ilé ẹjọ́ tí mo lè pè é lẹ́jọ́ sí.

Obìnrin tí mo fẹ́, ilé-ìwé kan náà la jọ ń ṣiṣẹ́. Ìmọ̀ ẹ̀dá alààyè ló ń kọ́ àwọn ọmọ. Mo fẹ́ràn rẹ̀ torí nǹkan kan tó lè má jọ nǹkan lójú ẹlòmíràn: kì í bá mi parí ọ̀rọ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá há mi, á dúró, kò ní wo ilẹ̀, kò ní wo òkè, kò ní fi ojú ṣàánú mi. Á kàn máa wò mí bí ẹni tó ń retí ọkọ̀ tó mọ̀ pé ó ń bọ̀. Bàbá rẹ̀ ń ta pákó, ọmọ ilé ńlá kan ní Ẹdẹ àtijọ́, ènìyàn tí kì í fi ẹ̀sìn ṣeré rárá. Wọ́n ti rí eré wa níbi kan. Nígbà tó dárúkọ mi fún wọn, wọ́n ní, “Èyí tó ń fi ẹ̀dá Ọlọ́run ṣe yẹ̀yẹ́ yẹn?” Ó ṣàlàyé fún wọn pé mo kólòlò ní tòótọ́. Wọ́n ní, “Má parọ́ fún mi nítorí ọkùnrin. Etí mi báyìí ni mo fi gbọ́ bí ẹnìkejì rẹ̀ ṣe búra pé kò kólòlò.”

Ẹ̀yin náà á wá bi mí pé kí ló dé tí bàbá náà kò fi gbọ́ ohùn mi fúnra wọn kí ọjọ́ yìgì tó dé. Àṣà wa ni kí ẹ bi. Nígbà tí a lọ mọ̀ wọ́n nílé, àbúrò bàbá mi ni wọ́n sọ̀rọ̀. Nígbà tí a lọ tọrọ ọmọ, àwọn àgbà ilé wa ni wọ́n sọ̀rọ̀. Kí ni èmi ṣe? Mo dọ̀bálẹ̀, wọ́n ní kí n dìde, mo dìde, mo tún dọ̀bálẹ̀. Ọkọ ìyàwó tó bá ń sọ̀rọ̀ níwájú àna, aláìlẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n máa pè é. Gbogbo wọn yin ìwà tútù mi, títí kan bàbá ìyàwó, tí wọ́n tìtorí rẹ̀ gbà láti fún mi lọ́mọ. Inú mi dùn pé mo ti bọ́ lọ́wọ́ ọ̀rọ̀. Kò sí ẹni tó rántí, èmi náà ò sì fẹ́ rántí, pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ṣì wà níwájú tí wọ́n máa gbà pé ó gbọ́dọ̀ ti ẹnu ọkọ ìyàwó fúnra rẹ̀ jáde. Ọ̀rọ̀ náà sì ní “gb” nínú.

Òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú ni, níwájú ilé bàbá ìyàwó. Wọ́n ta tápólì, wọ́n tẹ́ ẹní fún àwọn ààfáà. Àwọn obìnrin wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìyàwó mi wà láàárín wọn, ó fi ìborí funfun bo ojú díẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi jókòó tì mí gẹ́gẹ́ bí ọ̀rẹ́ ọkọ ìyàwó. Àbúrò bàbá mi wọ agbádá funfun tí wọ́n rán fún ọjọ́ náà, wọ́n jókòó bí ẹni pé àwọn gan-an ni wọ́n ń gbéyàwó. Ààfáà àgbà tó wá láti ọ̀dọ̀ ìyàwó wàásù, ó ka ohun tó yẹ kó kà, bàbá ìyàwó sọ pé àwọn fi ọmọ àwọn fún mi. Ààfáà wá kọjú sí mi.

“Ọkọ ìyàwó, o ti gbọ́. Ṣé o gbà á?”

Mo ṣí ẹnu. “Mo,” ìyẹn jáde. Ètè mi wá pàdé fún èyí tó kàn, wọ́n sì kọ̀ láti yà. Mo gbìyànjú. Òógùn bọ́ sí mi lójú. Àwùjọ dákẹ́, ó kọ́kọ́ jẹ́ ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tó ní ọ̀wọ̀ nínú. Lẹ́yìn náà, láti ẹ̀yìn pátápátá, ohùn ọkùnrin kan tí n kò mọ̀ títí di òní ní, “Ó ti bẹ̀rẹ̀ o!” Ẹnìkan rẹ́rìn-ín. Ẹlòmíràn ní, “Ọlọ́kadà, rọra!” Ni ẹ̀rín bá bú jáde, láti abẹ́ tápólì dé ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n gbé fóònù sókè, wọ́n ń ká mi sílẹ̀. Mo mọ irú ẹ̀rín yẹn. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ́ wọn.

Èyí tó tún burú jù ni pé mo gbọ́ gbì, gbì, pá. Ọ̀rẹ́ mi ti ń lu àyà. Ó sún mọ́ etí mi, ó ní, “Bọ́ sí i, bọ́ sí i kíá, á jáde!” Òótọ́ ni pé á jáde. Ká ní mo bọ́ sójú ìlù náà, “mo gbà á” á yọ́ jáde lẹ́nu mi bí òróró. Ṣùgbọ́n àwùjọ ti ń pàtẹ́wọ́ bá a. Bí mo bá sọ ọ́ báyìí, gbogbo ayé Ẹdẹ á rántí yìgì mi bí eré tó dùn jù tí a ṣe. Mo pa ẹnu dé.

Bàbá ìyàwó dìde. Ojú wọn ti pọ́n. “Ẹ dákẹ́! Gbogbo yín, ẹ dákẹ́! Yìgì ọmọ mi lẹ fi ń ṣàwàdà? Níwájú Kùránì?” Wọ́n kọjú sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. “Ẹ gbé ọmọbìnrin yẹn wọlé. Ó ti tán.”

Ìgbà náà ni mo rí ohun tí mo gbàdúrà kí n má tún rí mọ́ láyé. Àbúrò bàbá mi, tí wọ́n fi ọdún púpọ̀ ju bàbá ìyàwó lọ, wọ́n dìde, wọ́n rìn dé iwájú rẹ̀, wọ́n sì dọ̀bálẹ̀. Àgbàlagbà ẹni tí irun orí rẹ̀ ti funfun tán, wọ́n na gbalaja sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú agbádá funfun, wọ́n fi àyà kan erùpẹ̀ fún ẹni tí wọ́n lè bí. Àwọn tó ń rẹ́rìn-ín gbàgbé láti pa ẹnu wọn dé. “Ẹ forí jì wá,” ni wọ́n ń wí. “Ọmọ mi kì í ṣe aláìmọ̀kan. Ó kólòlò. Mo fi ẹni tó dá mi búra, ó kólòlò.” Ikú yá ju ẹ̀sín, àwọn àgbà ló wí i, ṣùgbọ́n ikú kì í dé nígbà tí a bá ń wá a. Mo dúró síbẹ̀. Bí mo bá ní n ó sọ pé “Ẹ dìde, bàbá”, “b” náà á tún há.

Bàbá ìyàwó gbé wọn dìde kíákíá, torí ojú ń ti àwọn náà. Ààfáà àgbà tún láwàní rẹ̀ wé, ó wúkọ́. Ó ní, “Bó bá jẹ́ pé lóòótọ́ ló kólòlò, ẹ̀sìn ti fún un láyè, kí ẹlòmíràn gbà á fún un. Bó bá jẹ́ eré ló ń ṣe, kí ẹni tí kì í ṣeré gbà á fún un. Ọ̀kan náà ni.” Ó wò mí. “Ṣé o fẹ́ kí bàbá rẹ ṣojú fún ọ?”

Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó dà bí ẹni pé orí mi nìkan ni mo ní láti fi ṣe gbogbo ìpinnu ayé mi.

Àbúrò bàbá mi gbọn erùpẹ̀ ara wọn nù, wọ́n fi ohùn gooro sọ pé, “Mo gbà á fún ọmọ mi.” Wọ́n ṣe àdúà, àwọn ènìyàn ṣe àmín, wọ́n pín oúnjẹ. Báyìí ni wọ́n so yìgì mi.

N kò fi ọ̀rọ̀ náà falẹ̀. Kò pẹ́ tí ìgbéyàwó kásẹ̀ nílẹ̀ ni mo lọ bá ọ̀rẹ́ mi ní ilé rẹ̀. Ó ń lọ aṣọ lọ́wọ́. Mo ti to ẹ̀sùn mi bí ènìyàn ṣe ń to ìgbésẹ̀ ìṣirò: ó parọ́ ní Awo, ó sọ irọ́ náà di orin, ó lu àyà ní ibi yìgì, ó sì rí àwọn tó ń ká mi sílẹ̀ láìdá wọn lẹ́kun. Àwọn fọ́nrán náà ti wà lórí Wáàsáàpù nígbà náà, wọ́n kọ “Eré Ọkọ Ìyàwó Ẹdẹ” sí i lára. Ó jẹ́ kí n sọ gbogbo rẹ̀ tán. Ó pẹ́ díẹ̀.

“Mo lu àyà lóòótọ́,” ó ní. “Ṣé kí n máa wò ọ́ kó o kú síbẹ̀ ni? Mo fẹ́ gbà ọ́ ni!”

“Ta ló ní kó o máa sọ fún ayé pé eré ni?”

“Èmi ni mo sọ ọ́. Ìwọ ńkọ́, ta ló mi orí? Àbí orí náà kólòlò?”

Mo jáde. Ìdáhùn rẹ̀ ò tọ́, ẹnikẹ́ni tó bá kàwé á mọ̀ pé ẹ̀bi tèmi kò pa ẹ̀bi tirẹ̀ rẹ́. Òṣogbo ló wà báyìí, ó ń darí ètò níbi àríyá, mo gbọ́ pé ó ń rí ṣe. Mi ò tíì dárí jì í. Mi ò tíì dárí ji ẹni tó ní “Ó ti bẹ̀rẹ̀ o”, bí mi ò tiẹ̀ mọ ojú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, n kò gbé ọwọ́ lé itan mọ́ láti fi sọ̀rọ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá há, mo fi í sílẹ̀ kó há.

Ìyàwó mi ò sunkún níṣojú mi. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, nígbà tí a ń to ẹrù sínú ilé tuntun. Ó ní, “Gbogbo Ẹdẹ ni ẹ ti fi ẹnu yín dá lára yá. Èmi nìkan ni wọ́n ní kí ẹlòmíràn bá yín dá lóhùn.” Lẹ́yìn náà ló sọ ọ́ di àwàdà, nítorí pé obìnrin tó gbọ́n ni. Gbogbo ọmọ ilé ọkọ ni ìyàwó ń pè ní ọkọ, kò sí ohun tuntun níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí àbúrò bàbá mi, tí wọ́n ń bá wa gbé, bá dé láti oko, á kúnlẹ̀, á ní, “Ẹ káàbọ̀ o, ọkọ mi tó gbà mí.” Wọ́n á dáhùn pé, “Ìyàwó mi, ṣé o ti se nǹkan?” Ilé á gba ẹ̀rín. Èmi náà á rẹ́rìn-ín, mo sì máa ń wá nǹkan ṣe ní ẹ̀yìnkùlé títí ẹ̀rín náà á fi lọ. Ó ń bi wọ́n nígbà míràn pé, “Ṣé ẹ ṣì gbà mí?” Wọ́n á ní, “Mo gbà ọ́ dé alẹ́ ayé mi.”

Alẹ́ ayé wọn dé lọ́dún tó kọjá. Àìsàn ránpẹ́ ni. Wọ́n ti dàgbà, wọ́n rí ọmọ mi gbé jó, a kò lè sọ pé wọ́n kú ikú òfò. Ọjọ́ kẹjọ wọn, àwọn ààfáà wá ṣe fìdáù, àwọn ará oko ọ̀nà Ara wá, bàbá ìyàwó mi náà wá, wọ́n sì pẹ́ níbẹ̀ ju bí mo ṣe rò lọ. Ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí àwọn àlejò ti lọ tán, èmi àti ìyàwó mi ń ká àwọn ẹní jọ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó dúró pẹ̀lú ẹní kan lọ́wọ́. Kò kúnlẹ̀, kò fi ohùn àwàdà sí i.

Ó ní, “Ẹni tó gbà mí ti lọ.”

Mo mọ ohun tó ń béèrè. Mo ṣí ẹnu. “Mo” jáde. Ètè mi pàdé. Kò bá mi parí rẹ̀. Ó kàn ń wò mí bó ṣe máa ń wò mí láti ìgbà tí a ti wà ní yàrá àwọn olùkọ́. Ó pẹ́. Ewúrẹ́ kan wọlé, ó wò wá, ó jáde. Nígbà tí ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo mọ̀ pé kò ní jáde, mo gbé ọwọ́ mi lé itan. Mo lù ú jẹ́jẹ́, bí ènìyàn ṣe ń lu ẹ̀yìn ọmọ tó fẹ́ sùn. Mo ní, “Mo gbà ọ́. Mo gbà ọ́ ní ìyàwó mi.”

Kò rẹ́rìn-ín. Ó tẹ́ ẹní ọwọ́ rẹ̀ padà, ó jókòó sí i. “Ká ní bàbá gbọ́ ọ kí wọ́n tó lọ,” ó ní.

Mo jókòó tì í. Mo ti ka ẹ̀ṣẹ̀ gbogbo ènìyàn sílẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí, mo sì mọ̀ pé mo kà á dáadáa, n kò sì ní yọ ọ̀kan kúrò nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọdún tí àgbàlagbà náà fi jókòó nínú ilé mi, tí wọ́n ń jẹ iyán, tí wọ́n ń dáhùn fún mi nígbà gbogbo tí ìyàwó mi bá béèrè, n kò rí ẹni tí mo lè kà wọ́n sí lọ́rùn. Lójoojúmọ́ ni wọ́n wà níbẹ̀. Itan mi náà wà níbẹ̀, n kò lù ú.